Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníléèsì tó ń pariwo "ẹ̀dínwó ọdún"

Bí ẹ bá fẹ́ ra léèsì lórí fóònù torí pé ẹnìkan ní òun ti dín owó ẹ̀ kù sí ìdajì nítorí ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, àmọ́ mi ò ní dákẹ́ kí wọ́n tún lọ lu ẹlòmíì ní jìbìtì.

Obìnrin oníléèsì tó lù mí ní jìbìtì kì í ṣe ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo status ẹ̀. Á tẹ́ léèsì sórí tábìlì nínú fídíò, á máa fọwọ́ pa á, òkúta ara ẹ̀ á máa kọ mànà. Oṣù Kejìlá wọlé, ó gbé ọ̀kan jáde, àwọ̀ ewé tó dúdú mìnìjọ̀: ọ̀pá márùn-ún, ₦95,000. Ó fa igi lé e, ó kọ ₦48,000 sábẹ́ ẹ̀. "Ó ku méjì péré o, ẹ̀yin mọ́mì mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ín." Aṣọ ìdúpẹ́ ọdún tuntun ni, èmi àti ìyá mi la fẹ́ jọ rán an. Mo sanwó.

Ẹ má sọ pé mi ò bèèrè. Mo bèèrè! Mo ní, "Àǹtí, ṣé ó pé ọ̀pá márùn-ún?" Ó ní, "Ó pé pérépéré, mọ́mì mi, mo fi Ọlọ́run búra." Mo ní ṣé léèsì Swiss gidi ni. Ó ní láti Lustenau ní Austria ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tá à ń pè ní Swiss. Ẹni tó mọ ìyẹn, ta ni ò ní gbà pé ó mọ ọjà ẹ̀? Orúkọ ọkùnrin ló wà lórí àkáǹtì tó fi ránṣẹ́. Ó ní ọkọ òun ni. Ó yẹ kí n ti dúró níbẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ṣé kí n ní kó gbé ìwé ìgbéyàwó wá ni?

Nígbà tí ọlọ́kadà gbé e dé, ìpele òkè dára. Ó dára gan-an ni, èmi náà ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ télọ̀ la ti tú u. Ìpele òkè yẹn nìkan ni òkúta wà. Gúlú ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, bí télọ̀ ṣe fi èékánná kàn án báyìí ló ń já bọ́ sílẹ̀. Ó tún un tẹ́, la bá rí ojú ìsopọ̀ láàárín aṣọ, wọ́n fọwọ́ rán an, òwú ẹ̀ ò tiẹ̀ bá àwọ̀ aṣọ mu. Aṣọ tí wọ́n so pọ̀! Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n: ọ̀pá mẹ́rin àti díẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, eléyìí ò lè ká ẹ̀yin méjèèjì o." Iwájú àwọn oníbàárà ẹ̀ ló ti sọ ọ́.

Mo pe obìnrin náà. Ó ní, "Iye tẹ́ ẹ san lẹ rí." Ó ní ṣebí òun kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "A kì í dá owó padà, a kì í pààrọ̀." Ó sì blọ́ọ̀kì mi. Irọ́ ló ń pa! Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀ sọ ọ́ kedere: ọjà tí wọ́n bá fi àpẹẹrẹ tàbí àlàyé tà gbọ́dọ̀ bá a mu, bí kò bá bá a mu, ẹni tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Ohun tó kọ sórí status ò lè borí òfin.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé mo rí léèsì yẹn gan-an ní ọjà Balógun l'Ékòó, wọ́n fi kọ́ síta, kò sí ẹ̀dínwó kankan lórí ẹ̀. ₦50,000 ni wọ́n pè é, mi ò tíì ná an rárá. ₦95,000 wo ló wá gé kù? Ta ló rà á níye yẹn rí? Àbúrò mi ní ojúkòkòrò ló fà á. Ojúkòkòrò wo? Ta ni ò wá ẹ̀dínwó nílùú tí nǹkan ti wọ́n báyìí? Gbogbo wọn ni mo ń fura sí báyìí, tinú ìsọ̀, tinú fóònù. Àwọn kan nínú ọjà náà ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ fún èèyàn, tí ò pé ínǹṣì 36 tó yẹ kó jẹ́.

Ẹ mú téèpù tiyín lọ. Láti oṣù Kẹwàá ni kẹ́ ẹ ti máa ya fọ́tò iye tí wọ́n ń ta aṣọ tó bá wù yín, ẹ ó mọ̀ bóyá wọ́n dín in kù lóòótọ́. Bó bá jẹ́ àǹkárá, ẹ yí i sẹ́yìn: wax gidi, àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ mú bíi tiwájú. Ẹ má sanwó kí aṣọ tó dé, ẹ tú u délẹ̀ kí ọlọ́kadà tó lọ. Bí orúkọ orí àkáǹtì bá yàtọ̀ sí ti ìsọ̀, ẹ sá.

Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí pé obìnrin yẹn ti yí orúkọ ìsọ̀ ẹ̀ padà, ó sì ti gbé fídíò àwọ̀ ewé yẹn síta lẹ́ẹ̀kan sí i. ₦42,000 ló pè é báyìí, "ẹ̀dínwó oṣù Kìíní." Ó ṣì ní ó ku méjì péré. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i o.