Zotero àti orúkọ òǹkọ̀wé: ibi tí ìtọ́kasí wa ti ń dàrú, àti bí mo ṣe ń tún un ṣe

Zotero, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé tó sì ń ṣe ìtọ́kasí fúnni, ni mo fi ń tọ́jú ìwé tí mò ń kà fún iṣẹ́ ìwádìí mi lórí Ifá àti ẹ̀sìn òrìṣà, nílé níbí àti ní Brazil àti Cuba. Ọ̀fẹ́ ni. Yunifásítì George Mason ní Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006, nígbà tó jẹ́ pé inú Firefox (ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì) nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní báyìí ó ti dá dúró fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń bá Word, LibreOffice àti Google Docs ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn tó ń yìn ín sábà máa ń sọ bó ṣe ń kó ìwé jọ kíákíá. Òótọ́ ni, mi ò ní tún un sọ. Orí orúkọ òǹkọ̀wé ni tèmi dá lé, nítorí ibẹ̀ ni ìtọ́kasí àwa tí à ń kọ̀wé nípa Yorùbá ti máa ń dàrú jù, mo sì gbà pé Zotero lè bá wa tún un ṣe dáadáa bí a bá ti mọ bó ṣe ń wo orúkọ.

Zotero kò mọ ènìyàn, lẹ́tà ló mọ̀. Bí lẹ́tà orúkọ bá ti yàtọ̀ síra, ènìyàn méjì ni wọ́n lójú rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹnì kan náà ló ni méjèèjì. Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Bàbálọlá, ẹni tó kọ ìwé pàtàkì lórí ìjálá lọ́dún 1966. S. A. Babalola ló wà lára ìwé yẹn. Nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, Adeboye Babalola ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá kó méjèèjì sínú Zotero bí wọ́n ṣe wà, tí ẹ sì ń lo ìlànà APA (ọ̀nà ìtọ́kasí tó ń fi orúkọ ìdílé àti ọdún sáàárín ọ̀rọ̀), ẹ ó rí i pé ìtọ́kasí àárín ọ̀rọ̀ yín á di (S. A. Babalola, 1966) níhìn-ín, á sì di A. Babalola lọ́hùn-ún. Orúkọ ìdílé nìkan lẹ retí. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ yín wò á fi bírò pupa yí i ká, á bi yín pé kí ni lẹ́tà wọ̀nyẹn ń wá níwájú orúkọ.

Àwọn kan á ní àṣìṣe Zotero nìyẹn. Kì í ṣe àṣìṣe rárá. APA fúnra rẹ̀ ló ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀ bí òǹkọ̀wé méjì bá ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, kí òǹkàwé má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ẹni tó bá tọ́ka sí Wándé Abímbọ́lá àti Kọ́lá Abímbọ́lá nínú iṣẹ́ kan náà nílò lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn: (W. Abimbola) àti (K. Abimbola) ló tọ́, ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, nígbàkigbà tí lẹ́tà bá ṣàdédé yọ níwájú orúkọ nínú iṣẹ́ yín, Zotero ń sọ fún yín pé òun rí ènìyàn méjì ni. Tiyín ni láti wò ó bóyá lóòótọ́ ni wọ́n jẹ́ méjì.

Èyí tó gbà mí lákòókò jù ni ti Pierre Verger. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, ó di babaláwo ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1957 jẹ́ ti Pierre Verger. Èyí tó ṣe lórí ewé, tó jáde ní Brazil lọ́dún 1995, jẹ́ ti Pierre Fatumbi Verger. Ẹ kó àwọn méjèèjì wọlé láti inú kátálọ́ọ̀gì ilé ìkàwé, ẹ ó rí (P. Verger, 1957) àti (P. F. Verger, 1995), bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther náà ń kó: Samuel, Samuel Adjai, Samuel Ajayi, ọwọ́ tí kátálọ́ọ̀gì kan bá fi mú un ni tirẹ̀ á fi wọlé.

Bí mo ṣe ń tún un ṣe nìyí. Mo máa ń tẹ orí ìlà Creator nínú Zotero kí gbogbo ìwé lè tò gẹ́gẹ́ bí orúkọ òǹkọ̀wé, mo á wá rọra wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà á tò tẹ̀lé ara wọn, mo á sì tẹ ìwé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè rí orúkọ àbísọ, nítorí orúkọ ìdílé nìkan ni ìlà yẹn ń fi hàn. Bí ẹnì kan náà bá yọ ní ìrísí méjì, mo á yan ìrísí kan fún un, mo á sì tún ìyókù ṣe kó bá a mu. Fún Verger, Pierre Fatumbi ni mo yàn, nítorí orúkọ tó gbà lọ́wọ́ àwọn babaláwo ni, òun fúnra rẹ̀ sì lò ó lójú ayé rẹ̀. Fún Bàbálọlá, Adeboye ni mo yàn. Ẹlòmíràn lè yan S. A., kò sí ìjà níbẹ̀, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan náà jákèjádò iṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ń fi ọwọ́ tẹ orúkọ tuntun wọlé, Zotero á máa na àwọn orúkọ tó ti wà níbẹ̀ sí yín lábẹ́ àpótí náà. Ẹ mú èyí tó nà sí yín, ẹ má tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣà kékeré yìí nìkan á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ padà sínú Word, kí ẹ tẹ Refresh. Ibí yìí ni mo ti ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi gidigidi: ẹ má ṣe lọ fi ọwọ́ pa lẹ́tà náà rẹ́ nínú Word. Bí ẹ bá pa á rẹ́ níbẹ̀, Zotero á bi yín bóyá kí òun fi àtúnṣe ọwọ́ yín sílẹ̀. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìtọ́kasí yẹn kò ní yí padà mọ́, kódà bí ẹ bá tún orúkọ náà ṣe nínú Zotero lọ́la tàbí tí ẹ bá kúrò ní APA lọ sí ìlànà mìíràn. Orísun ni kí ẹ ti tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ wá jẹ́ tiwa gan-an. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ìdílé wa ṣáájú nínú rẹ́jísítà, láìsí kọ́mà láàárín. Àwọn jọ́nà kan níbí sì ń kó orúkọ òǹkọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́nà kan náà. Bí kò bá sí àmì kankan tó pààlà láàárín orúkọ méjèèjì, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ni Zotero máa ń mú bí orúkọ ìdílé. Bí wọ́n bá kọ Falola Toyin síbẹ̀, Toyin ló máa di orúkọ ìdílé, ìtọ́kasí á sì di (Toyin), abẹ́ T ni iṣẹ́ rẹ̀ á sì wà nínú àkójọ ìwé. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá lè kà á kọjá láìfura. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn púpọ̀: ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ náà, ẹ ó rí Swap First/Last Names. Ẹ yàn án, ó parí. Ibẹ̀ náà ni Fix Case wà, fún àwọn orúkọ tí ilé ìtẹ̀wé kan bá fi lẹ́tà ńlá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fẹ́ràn méjèèjì yìí gan-an.

Ẹ yọ oyè kúrò pẹ̀lú. Chief, Prof., Dr., Alhaji, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí orúkọ, bó ti wù kí a bọ̀wọ̀ fún ẹni náà tó.

Fún iléeṣẹ́ àti àjọ, bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tó ń sọ àpótí méjì (ti orúkọ ìdílé àti ti orúkọ àbísọ) di ọ̀kan. West African Examinations Council gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú àpótí méjì, Council, W. A. E. ni APA á tẹ̀ jáde, bí ẹni pé ọkùnrin kan ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Council. Àwọn tó ń lo EndNote, ètò ìtọ́kasí mìíràn, mọ̀ pé kọ́mà ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn orúkọ àjọ kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀. Bọ́tìnì ti Zotero yé mi ju ìyẹn lọ, nítorí ojú ń rí ohun tó ṣe.

Tí ìwádìí bá wá gbé yín dé Brazil, ẹ ó pàdé Juana Elbein dos Santos, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ikú àti egúngún láàárín àwọn Nàgó (orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀) ní Bahia jáde lọ́dún 1976. Abẹ́ S làwọn ará Brazil máa ń to orúkọ báyìí sí, wọn kì í tò ó sábẹ́ D. Bí ẹ bá kọ “dos Santos” sínú àpótí orúkọ ìdílé, abẹ́ D ni APA á gbé e sí. Ẹ gbé “dos” lọ sí òpin àpótí kejì, kó di “Juana Elbein dos”, ẹ ó rí Santos, J. E. dos. Ti Henry Louis Gates, Jr., ẹni tó kọ̀wé nípa Èṣù Ẹlẹ́gbára lọ́dún 1988, kò le: ẹ kọ “Henry Louis, Jr.” sínú àpótí orúkọ àbísọ pẹ̀lú kọ́mà rẹ̀, Gates, H. L., Jr. á sì jáde bó ṣe yẹ. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa ní nǹkan méjì yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí òrìṣà lókè òkun ń bá wọn pàdé lójoojúmọ́.

Àmì ohùn ló kù, òun ló sì ká mi lára jù. Bamgbose, Bamgboṣe, Bámgbóṣé: onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan ṣoṣo ni, àmọ́ orúkọ ìdílé mẹ́ta ni lójú Zotero. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ kò ní yọ níbí o, nítorí Zotero kò tiẹ̀ gbà pé wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo á fọ́n ká nínú àkójọ ìwé, ọdún kò ní tẹ̀lé ara wọn mọ́. Èyí tó tún burú ni èyí tí ojú kò rí. Àwọn kan ń fi àmì tóótó sábẹ́ lẹ́tà, ṣ àti ọ. Àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré sábẹ́ rẹ̀, s̩ àti o̩. Lórí ìwé tí a tẹ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ lè máa wo orúkọ méjì tó jọra délẹ̀, kí Zotero sì máa pè wọ́n ní méjì. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́pì ọ̀kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì lórí, ẹ má tún un tẹ̀.

Èwo wá ni kí a lò, èyí tó ní àmì ni àbí èyí tí kò ní? Èrò tèmi ni pé kí a tẹ̀lé ẹni tó ni orúkọ. Bí òǹkọ̀wé bá ti fi àmì sí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ kan, kí a fi àmì náà sí i níbi gbogbo. Bí kò bá fi sí i rí, kí a má fi kún un fún un, nítorí a lè fi àmì àṣìṣe sórí orúkọ ẹni tó jù wá lọ. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Àwọn kan sì wà tó ń sọ pé kí a bọ́ gbogbo àmì kúrò kí kọ̀ǹpútà má baà ṣòro. Mi ò fara mọ́ ọn. Zotero gba ẹ, ọ, ṣ àti gbogbo àmì ohùn wa láìjanpata, kò sí ìdí tí a ó fi máa bọ́ orúkọ àwọn àgbà wa síhòòhò nítorí ìrọ̀rùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi kún Zotero kò pọ̀. Kò sí ibì kan níbẹ̀ tí a ti lè tún orúkọ òǹkọ̀wé kan ṣe lẹ́ẹ̀kan kó sì yí padà nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Ìwé kọ̀ọ̀kan ni a ó ṣí. Ẹni tó bá mọ JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lè ṣe é látinú Tools, àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n? Duplicate Items náà ń da ìwé tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì pọ̀ ni, kì í da òǹkọ̀wé pọ̀.

Bí ẹ bá sì jọ ń kọ iṣẹ́ kan pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ dá group library (àpótí ìwé tí ẹ jọ ń lò) sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí oníkálukú bá ń fa ìwé kan náà látinú àpótí tirẹ̀, ìwé méjì ni Zotero á kà á sí, ẹ ó sì rí 1995a àti 1995b fún ìwé kan ṣoṣo.

Ní ti owó, 300 MB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ fún PDF. 2 GB jẹ́ 20 dọ́là lọ́dún. Àkọsílẹ̀ ìwé fúnra rẹ̀ kò sí lára iye yẹn, nítorí náà bí ẹ bá ń tọ́jú PDF yín sórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè má san nǹkan kan títí ẹ ó fi parí oyè yín. Orí kọ̀ǹpútà yín ni gbogbo rẹ̀ wà, dátà ì báà tán, ẹ ó ṣì máa tọ́ka sí ìwé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má kó ọgọ́rùn-ún ìwé wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó mú díẹ̀ wọlé, kó wo orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tún wọn ṣe, kó tó mú òmíràn.