Ìgbànú Ọmọdé àti Ìgbànú Àgbà: Ọdún Méjì Wa ní Ilé Ẹ̀kọ́ Júdò Kan ní Àjàṣẹ́

Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí èmi àti àwọn ìbejì mi ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ júdò kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lápá ọ̀nà tí ó lọ sí Ouando. Àwọn ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 8 nígbà tí a dé ibẹ̀, èmi sì jẹ́ ẹni ọdún 41. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí, bí kò ṣe ohun kan ṣoṣo tí àwọn òbí máa ń bi mí léèrè bí wọ́n bá rí wa tí a wọ kìmónò (aṣọ júdò) tí a ń bọ̀ láti ibẹ̀: báwo ni wọ́n ṣe ń fún àwọn ọmọdé ní ìgbànú, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń fi ibi tí ènìyàn dé nínú júdò hàn, báwo ni wọ́n sì ṣe ń fún ẹ̀yin àgbà? N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé mo ní ìyìn fún wọn, mo sì ní ẹ̀sùn.

Kí n tó sọ ti ibi tí a wà, mo ní láti sọ ti ibi tí a ti kúrò. Ilé ẹ̀kọ́ júdò tí a kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ sí fún wọn ní ìgbànú mẹ́ta láàrin oṣù mẹ́jọ, títí wọ́n fi dé orí èyí tí ó ní àwọ̀ ọsàn. Nígbàkigbà tí ìgbànú bá fẹ́ yí padà, wọn a fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sílé pé kí a mú 7,000 sẹfà wá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyá wọn a sì yọ ọ́ nínú owó ọjà rẹ̀. Inú wa dùn. A ya fọ́tò wọn, a fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Kétu, òun náà sì fi han gbogbo agbo ilé. Ní ọjọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti Kẹ́hìndé níbi tí wọ́n ti ń ṣeré lórí ilẹ̀ onísìmẹ́ǹtì ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ọmọ tí ó ti gba ìgbànú mẹ́ta na ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ sẹ́yìn láti fi gba ara rẹ̀ dúró, bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ kan tàtámì (ẹní tí a ń ṣe júdò lórí rẹ̀) rí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú gbẹ̀ǹgbẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń ṣubú ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú júdò: a ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà gbálẹ̀, a ó fi gbogbo apá na ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀ láti gba ara wa dúró. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mí léèrè ohun tí ìgbànú mẹ́ta yẹn ń sọ nípa ọmọ mi.

Olùkọ́ tí a bá ní ibi tí a wà báyìí kò bú ibi tí a ti wá. Ó ní kí àwọn ọmọ náà ṣubú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wò wọ́n dáadáa, ó wá sọ fún mi pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ìgbànú wọn sílé ná. A kò gbà á lọ́wọ́ wọn o. Bí ara wọn bá ti dé ibẹ̀, wọn á so ó mọ́dìí.” Ó fún wọn ní ìgbànú funfun méjì. Táíwò sunkún títí a fi délé. Mo di ìgbànú ọsàn méjèèjì sínú ọ̀rá, mo sì kó wọn sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ.

Ètò tí wọ́n ń lò nìyí. Àwa àgbà ń lọ láti funfun sí àwọ̀ ìyeyè, láti ibẹ̀ sí àwọ̀ ọsàn, sí àwọ̀ ewé, sí àwọ̀ aró, sí àwọ̀ ilẹ̀, kí a tó dé dúdú. Fún àwọn ọmọdé, wọ́n fi ìgbànú aláwọ̀ méjì sí àárín: funfun òun ìyeyè, ìyeyè òun ọsàn, ọsàn òun ewé, ewé òun aró. Ọ̀nà àwọn ará Faransé ni olùkọ́ wa ń tẹ̀lé nínú èyí. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé ìgbànú aláwọ̀ méjì jẹ́ ọgbọ́n láti gba owó lọ́wọ́ òbí, èmi náà sì ti rò bẹ́ẹ̀ rí nítorí ohun tí ojú mi ti rí. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọdún kan gùn púpọ̀ lójú ọmọ ọdún 8. Bí ẹ bá ní kí ó fi ọdún kan àti ààbọ̀ wo ìgbànú kan ṣoṣo, ó dà bí ẹni tí ẹ ní kí ó máa wọ̀nà fún òjò láàrin ọ̀gbẹlẹ̀. Kò ní rí ohun tí yóò fi mọ̀ pé òun ń rìn.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọdé nìkan ni wọ́n torí rẹ̀ fi àwọ̀ sí ìgbànú. Nígbà tí Jigoro Kano, ẹni tí ó dá júdò sílẹ̀, dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Kodokan, sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, kò sí gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí. Mikinosuke Kawaishi, ará Japan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Paris ní 1935, ni wọ́n mọ̀ jù lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mú ìgbànú aláwọ̀ gbilẹ̀ ní Yúróòpù, àwọn tí ó sì ń kọ́ nígbà náà jẹ́ àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn rí i pé àwọn ń tẹ̀síwájú. Bí àgbà bá nílò àmì lójú ọ̀nà, a kò lè dá ọmọdé lẹ́bi pé ó nílò tirẹ̀ léraléra. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni bóyá iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn àmì náà.

Ní ibi tí a wà, iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fi ojú mi rí i. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹfà, wọ́n dán àwọn ọmọ 14 wò fún ìgbànú funfun òun ìyeyè. Àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Táíwò kì í ṣe alágbára, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun gbogbo ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ó tẹríba, ó di kìmónò ẹnì kejì rẹ̀ mú, ó fi ẹsẹ̀ gbá a láti ẹ̀yìn bí wọ́n ti ń ṣe ìjù tí à ń pè ní o-soto-gari, ó sì di apá aṣọ rẹ̀ mú títí ó fi balẹ̀. Nígbà tí ó kan Kẹ́hìndé, ó gbé ọmọ tí ó jẹ́ ẹnì kejì tirẹ̀ ṣánlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí fi pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti jọ̀wọ́ apá aṣọ náà kí ọmọ náà tó délẹ̀. Olùkọ́ ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, bákan náà. Olùkọ́ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọmọ náà lé apá kìmónò tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì sọ fún un pé ọwọ́ yìí kọ́ ni a fi ń ju ènìyàn, ọwọ́ yìí ni a fi ń ṣọ́ orí ẹni tí a jù. Ohun tí ó ń sọ nìyẹn nígbà tí àwa òbí ń pàtẹ́wọ́ fún ariwo tí ìṣubú náà dá.

Táíwò nìkan ni ó gba ìgbànú ní ọjọ́ náà. Ní ilé ìbejì, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe rí. Ìyàwó mi bínú, ó ní kí wọ́n kúkú fún àwọn méjèèjì tàbí kí wọ́n má fún ẹnì kankan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá mi ni ó pẹ̀tù sí Kẹ́hìndé nínú lórí fóònù láti Kétu. Ó ní ṣebí òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ni ó rán Táíwò níṣẹ́ pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Ó ní iṣẹ́ tí ó rán àbúrò rẹ̀ náà ni ó tún lọ jẹ́ yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n pe Kẹ́hìndé nìkan, kò sí ayẹyẹ kankan, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ mìíràn lọ́wọ́ wa. Ó di apá aṣọ náà mú débi pé wọ́n ní láti tú ìka rẹ̀. Títí di òní, kò tún ju ẹnikẹ́ni kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ti àwa àgbà yàtọ̀ pátápátá. Oṣù 11 ni mo lò kí n tó gba ìgbànú ìyeyè, kò sì sí ìdajì àwọ̀ kankan láàrin. Wọ́n bi mí ní orúkọ ohun tí mo ń ṣe ní èdè Japan, wọ́n ní kí n jù sí ọ̀tún àti sí òsì, wọ́n sì fi mí jà pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 tí kò ro ti ọjọ́ orí mi. Ibi tí ìyàtọ̀ gan-an wà ni pé láti ìgbànú kan sókè, wọ́n ń retí kí àgbà mọ bí a ṣe ń fún ni lọ́rùn àti bí a ṣe ń tẹ ìgúnpá láti mú kí ẹnì kejì túúbá, kí ó sì mọ bí yóò ṣe bọ́ bí wọ́n bá ṣe é fún òun. Wọn kì í kọ́ àwọn ọmọ wa kéékèèké ní èyí rárá, nítorí pé eegun àti oríkèé wọn ṣì ń dàgbà, nítorí pé ọmọdé kò sì tíì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ọwọ́ lu tàtámì pé ó tó. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni pé ìgbànú àwọ̀ ewé tí ọmọ ọdún 12 so àti èyí tí ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún so kì í sọ ohun kan náà. Èyí tí ọmọ náà so kì í ṣe irọ́. Ó ń sọ ohun tí ọmọ náà mọ̀ nínú ohun tí a gbà pé kí ọmọdé mọ̀.

Ibí yìí ni ẹ̀sùn mi wà. Nínú ọdún tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan tí ó pé ọdún 14 ti kíláàsì àwọn ọmọdé wá sí tiwa pẹ̀lú ìgbànú àwọ̀ aró. Ọmọ tí ó já fáfá ni, ó sì ti fi ọdún mẹ́fà wá a. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi í jà pẹ̀lú àwọn tí àwọ̀ ìgbànú wọn bá tirẹ̀ mu. Ọkùnrin kan mú un lọ́rùn nílẹ̀, kò sì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ rí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó dìde, ó tún ìgbànú rẹ̀ so, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri títí a fi ṣíwọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a kò fi rí i. Ọkùnrin náà kò mọ̀. Àwọ̀ aró ni ó rí. Mo lọ bá olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ó gbọ́, ó sì ṣàánú ọmọ náà gidigidi, ṣùgbọ́n títí di bí mo ti ń kọ èyí, kò sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa bí ọmọ yóò ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì.

Kì í ṣe ohun tí kò ní ọ̀nà àbáyọ. Nínú taekwondo, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí ó bá yege ìdánwò Kukkiwon, ilé iṣẹ́ àgbà taekwondo ní Korea, ń gba ohun tí wọ́n ń pè ní poom, ìgbànú rẹ̀ sì jẹ́ pupa òun dúdú. Bí ó bá pé ọdún 15, ó lè yí i padà sí dan, ìyẹn ipò ìgbànú dúdú ti àgbà. Nínú jiu-jitsu ti Brazil, ètò IBJJF, àjọ àgbáyé kan fún eré náà, ya àwọ̀ àwọn ọmọdé sọ́tọ̀, láti àwọ̀ eérú títí dé àwọ̀ ewé, kò sì sí ẹni tí ó lè so àwọ̀ aró kí ó tó pé ọdún 16. Nítorí náà, bí àgbà bá rí ìgbànú ewé níbẹ̀, ó ti mọ̀ pé ọmọdé ni ẹni tí ó so ó. Júdò tiwa kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí àwọ̀ méjì bá ti parí, nítorí náà ẹnu olùkọ́ ni ó gbọdọ̀ sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú àwọn àgbà tí a yàn, níbi tí wọn yóò ti kọ́ ọmọ náà ní bí a ṣe ń gba ọrùn àti apá sílẹ̀, yóò tó.

Ní ti owó, 4,000 sẹfà ni a ń san lóṣù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, 6,000 fún àgbà. Ìdánwò jẹ́ 3,500, wọn kò sì sọ èyí fún wa ní ọjọ́ tí a forúkọ sílẹ̀, ohun tí kò dára. Ṣùgbọ́n wọn kì í ta ìgbànú fún ẹnikẹ́ni: ibi tí ó bá wù yín ni ẹ ti lè rà á, ọmọ tí kò bá sì yege kì í tún owó san. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ yín lọ sí ibikíbi, ẹ bèèrè ohun méjì yìí kí ẹ tó fi owó sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo ìdánwò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọn kò bá ní ọmọ kankan tí wọ́n ní kí ó padà wá rí, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti san owó ọdún tuntun fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ìbejì ń múra ìdánwò ìgbànú àwọ̀ ọsàn sílẹ̀ báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, Kẹ́hìndé tú ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, ó mú ọ̀rá náà jáde, ó sì bi mí bóyá èyí tí ó wà nínú rẹ̀ ni òun máa so tí òun bá yege, tàbí kí a ra tuntun. Mo ní kí ó mú un dání ní Sátidé, kí ó bi olùkọ́ rẹ̀.