GAD-7 àti ìwé Rathus: èwo ló bá akẹ́kọ̀ọ́ ìlera n'Ìbàdàn mu?

Tí wọ́n bá ń yípo wọ́ọ̀dù ní UCH, ìbéèrè ọ̀gá á ṣàdédé bọ́ sórí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ó mọ ìdáhùn, àmọ́ àyà ẹ̀ já, ẹnu ò ṣí. Ṣé àìbalẹ̀ ọkàn ni, àbí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ tẹnu ẹni níwájú àgbà? Ìwé ìbéèrè méjì la yẹ̀ wò.

GAD-7, tó ń wọn àìbalẹ̀ ọkàn, dára gan-an. Ìbéèrè 7 ni, nípa ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá. Odo sí 3 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ ò lè ju 21 lọ. Láti 5, ó ti wà díẹ̀. Tó bá pé 10, kéèyàn lọ rí dókítà. 15 sókè ti le. Tí ẹ bá ṣe é lọ́sẹ̀ ìdánwò, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, kí ìdánwò náà lè kúrò nínú ohun tí ìwé ń béèrè.

Ti Rathus, tó ń wọn bí èèyàn ṣe ń sọ tẹnu ẹ̀ láìbẹ̀rù, tó jáde ní 1973, ló gba sùúrù. Gbólóhùn 30, máàkì láti −3 sí +3, kò sí odo. Ẹ máa yí àmì 17 nínú wọn padà kí ẹ tó rò wọ́n pọ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ èèyàn gbójú ju èmi lọ: ẹni tó mú +3 níbẹ̀, −3 ni tiẹ̀. Ẹ gbàgbé ọ̀kan, máàkì 6 ti ṣìnà. Ẹ gbàgbé gbogbo ẹ̀, ojo á di akọni lórí ìwé.

Wọn ò sì ṣe é fún ọmọ Ìbàdàn. Ó ń béèrè bóyá wàá sọ ọ́ tí oúnjẹ olóúnjẹ ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn. Ta ni ò lè sọ fún alámàlà pé ewédú ẹ̀ ṣàn jù? Ó tún ń béèrè bóyá wàá ta ko olùkọ́ olókìkí níwájú èrò. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á mú −3, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù. Ẹni tí Rathus ẹ̀ bá lọ sílẹ̀, tí GAD-7 ẹ̀ ò tó 5, bó ṣe máa sọ̀rọ̀ ló yẹ kó kọ́.

Fún ìyẹn, ìgbésẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní CUS, láti Amẹ́ríkà, la fẹ́ràn jù: sọ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú, sọ pé ara rẹ ò gbà á, sọ ewu tó wà níbẹ̀ fún aláìsàn. Ó wọ Yorùbá dáadáa: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nǹkan kan ń kọ mí lóminú: 5 mg ni wọ́n kọ sínú fáìlì, 50 mg ló wà nínú abẹ́rẹ́ yìí. Ara mi ò gbà á. Ó lè ṣe aláìsàn léṣe."

Ẹ máa fi dánra wò ní méjì-méjì, kó jáde lẹ́nu ketekete. Ẹ má fi "ẹ má bínú" ṣíwájú ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ti wà nínú "ẹ" àti "mà". Tí ẹ bá fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà á ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó dé orí 50 mg.