Ọkọ̀ Pákó, Fáíbà Tàbí Alumíníọ̀mù Àlòkù: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Ẹja Létí Ọ̀sà Ìjẹ̀bú

Láti ìgbà tí mo ti gbé ọkọ̀ alumíníọ̀mù mi sórí omi ní Ìwópin, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra irú eléyìí ni, àbí kí n ní kí wọ́n kan pákó fún mi?" Ẹni tó ń béèrè ti kó àjọ, ó ti rí ọkọ̀ àlòkù kan níbì kan, ọlọ́kọ̀ sì ti sọ fún un pé àwọn mẹ́ta ló ń dúró dè é. Ẹ má tíì sanwó o. Ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n wé ara wọn fún yín, pàápàá alumíníọ̀mù, nítorí òun ló máa ń tan ènìyàn jù: iye tí wọ́n pè é kọ́ ni iye tó máa ná yín, ihò tí ẹ sì ń wò lè má jẹ́ àrùn tó ń ṣe é.

Èrò tèmi nìyí kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Ọkọ̀ alumíníọ̀mù tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí igi ìdí rẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń fi kọ́, ti jẹrà pátápátá, sàn fíìfíì ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tó ń dán, tí ara rẹ̀ sì ti jẹ lábẹ́ ọ̀dà. Igi ṣe é pààrọ̀.

Omi tí ẹ máa ná

Ọ̀sà Lẹ́kì tí àwa ará Ògùn Waterside ń ná fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 247 níbùú lóròó, ṣùgbọ́n kò jìn. Ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò tó mítà 3, ibi tó jìn jù lọ kò sì tó mítà 7. Odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn odò tó ń tú sínú rẹ̀, nítorí náà omi aláìníyọ̀ ló máa ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún; bí ẹ bá ṣe ń lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Èkó lásìkò ẹ̀rùn ni iyọ̀ ń yọjú. Bí òjò bá dé, kùkùté àti ìtì igi á máa bá omi wá. Koríko olódòdó àlùkò tó gba ọ̀nà Bàdágìrì wọ omi wa ní 1984 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó máa wúlò níbí kò gbọdọ̀ rì jìn, kò gbọdọ̀ bẹ̀rù kùkùté, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é fà gun yanrìn láìpe gbogbo àdúgbò.

Pákó

Òun ni àwọn bàbá wa fi ná ọjà Èjìnrìn, òun ló sì pọ̀ jù lórí omi títí dòní. Agbẹ́kọ̀ wà nítòsí, ìṣó wà, ọ̀dà wà. Bí pákó kan bá bàjẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn rọ́pò. Bí omi bá sì kún un lójijì, igi máa ń léfòó. Ẹ ó rí nǹkan dì mú. Mo fẹ́ kí ẹ rántí gbólóhùn yìí tí a bá dé ọ̀rọ̀ fóòmù tó ń mú ọkọ̀ alumíníọ̀mù léfòó.

Igi ni wàhálà rẹ̀. Bàbá agbẹ́kọ̀ kan tí mo lọ bá ní Màkún-Omi sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ìrókò tí mo ń yàn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mò ń wá a kiri báyìí ni." Igi tí kò gbó tó, tí kò sì gbẹ tán, ni wọ́n sábà máa ń là fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Bó bá gbẹ lórí yanrìn, ó máa sún kì, àlàfo á yọ láàárín pákó sí pákó, ẹ ó sì máa fi òwú àti ọ̀dà dí i lọ́dọọdún. Ó tún ń mu omi, bó bá sì ti mu omi, ó ń wúwo, epo ẹ́ńjìnnì ni ẹ fi ń san án.

Fáíbà

Kì í jẹrà, kì í dípẹtà, ó sì ń sáré. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó èrò, òun ni mo máa ní kó rà. Ṣùgbọ́n kùkùté kì í tẹ fáíbà, ńṣe ló ń là á. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ fáíbà máa lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa, ẹ ó kàn san owó rẹ̀. Ti àlòkù rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí igi tí wọ́n dì sínú ìdí ọkọ̀ àti abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lè ti di eérú tí ojú yín kò ní rí i. Fáíbà bò ó mọ́lẹ̀.

Alumíníọ̀mù àlòkù

Tá a bá gbé alumíníọ̀mù àti irin tó tóbi bákan náà sórí òṣùwọ̀n, alumíníọ̀mù á wúwo tó bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta irin. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14 tó jẹ́ ti rífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ìṣó alumíníọ̀mù tí wọ́n lù pẹlẹbẹ so pọ̀, kì í sábà ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 100 lọ, ọkùnrin mẹ́rin máa gbé e. Kùkùté á tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì fi òòlù onírọ́bà lù ú padà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, awọ tínrín kan máa ń bò ó, awọ náà ló ń ṣọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún fi lè le bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Kí ló wá ń pa á? Bàbà, idẹ àti irin tó bá fara kàn án nínú omi, pàápàá omi oníyọ̀. Ẹ̀kejì ni ẹrẹ̀ tàbí kápẹ́ẹ̀tì tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án. Ojú mi ló rí i. Ẹni tó ta tèmi fún mi ti fi ọ̀dà dúdú kun inú rẹ̀ nípọn, mo rò pé ìtọ́jú ni. Nígbà tí mo tú pákó ilẹ̀ rẹ̀, mo bá wáyà bátìrì kan níbẹ̀, bí ìgbọ̀nwọ́ kan ní gígùn, tí rọ́bà ara rẹ̀ ti bó, tó sùn sínú ẹrẹ̀. Mo gbé wáyà kúrò, àmì rẹ̀ sì kù sára ọkọ̀: ìlà gbọọrọ kan, tí ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun yí ká. Mo fi èékánná ha ìyẹ̀fun náà, mo sì rí yanrìn láti òdìkejì. Ibi tí wáyà kò dé, ní ìwọ̀n ìka méjì péré sí i, le koko. Inú bí mi sí ẹni náà, torí ó mọ ohun tó fi ọ̀dà bò.

Nítorí náà, inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ha á níbi mẹ́ta. Bí ẹ bá bá ìyẹ̀fun funfun lábẹ́ rẹ̀, tí screwdriver sì wọ ibẹ̀, ẹ yọ owó kúrò nínú iye tí wọ́n ń pè, tàbí kí ẹ máa lọ.

Rífẹ́ẹ̀tì tàbí èyí tí wọ́n jó pọ̀?

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè nìyí, òun ló sì yà owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n jó pọ̀ sábà máa ń nípọn jù, kì í sì í jò ní ojú rífẹ́ẹ̀tì nítorí kò ní in. Ṣùgbọ́n bó bá là, wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà kò lè ràn yín lọ́wọ́. Awọ tí mo ní ó ń ṣọ́ alumíníọ̀mù yẹn kì í yọ́ títí iná fi kọjá 2000°C, alumíníọ̀mù inú rẹ̀ sì ti di omi ní 660°C. Kí awọ tó yọ́, inú ti ṣàn lọ. Wẹ́dà tó ń kan géètì á sọ ihò kékeré di fèrèsé. Ẹni tó ní ẹ̀rọ TIG, ẹ̀rọ ìjórin tó ń fi gáàsì argon bo ojú iná, ni ẹ máa wá, àwọn tó ń jó rímù mọ́tò alumíníọ̀mù sábà ní in. Kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì stainless tí wọn kò tíì fi kan irin rí fọ ojú ibẹ̀.

Ti rífẹ́ẹ̀tì ni owó kékeré lè tún ṣe, ìyẹn ni mo ṣe yàn án. Rífẹ́ẹ̀tì tó ń jò kò fi bẹ́ẹ̀ já, ó kàn dẹ̀ ni. Ẹnì kan á di irin wúwo mú mọ́ orí rẹ̀ láti ìta, ẹnì kejì á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ láti inú, yóò tún fún. Èmi àti àbúrò mi lu èyí tó ju 40 lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, owó òòlù nìkan la ná. Èyí tó bá ti jẹ kọjá lílù ni ẹ máa lu yọ, kí ẹ fi èyí tó tóbi jù ú díẹ̀ sí i, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù polyurethane ti ọkọ̀ ojú omi lára rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Ìjẹ̀bú-Òde máa fi tayọ̀tayọ̀ yá yín ní ẹ̀rọ rífẹ́ẹ̀tì wọn, ṣùgbọ́n rífẹ́ẹ̀tì fèrèsé ní ihò láàárín, omi á gba àárín rẹ̀ wọlé. Ẹ béèrè èyí tí orí rẹ̀ dí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó rífẹ́ẹ̀tì kan, nítorí iná náà á dẹ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ mú òòlù kékeré, screwdriver, ṣọ́ọ̀kì, mágínẹ́ẹ̀tì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa alumíníọ̀mù. Ibi tó bá ti lẹ̀, irin ni ẹnì kan fi lẹ ibẹ̀, ó sì ń jẹ ara ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ọkọ̀ sórí igi tàbí táyà, kí abẹ́ rẹ̀ gbára lé nǹkan láti imú dé ìdí, nítorí omi wúwo, ó sì lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ bomi sínú rẹ̀ kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ wá lọ sí abẹ́. Ibi tó bá ti ń sun ni kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Tèmi sun níbi 23 kí n tó jẹun àárọ̀ tán. Ojú rífẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ àyàfi ti wáyà yẹn, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọkọ̀ náà ṣì lẹ́mìí.

Ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń fi kọ́, ni kí ẹ lo àkókò jù. Ẹ fi òòlù kan igi rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó le máa ń dún gbọn-in, èyí tó ti jẹrà máa ń dún bọ̀bọ̀ bí ògiri amọ̀ tó mumi. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40, ìyẹn alágbára ẹṣin 40, wúwo ju kìlógíráàmù 70 lọ, ó sì ń ti ọkọ̀ síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bí igi yẹn bá já láàárín ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì á lọ, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Fún ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14 tó fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì 15 ti tó fún àwọ̀n àti ẹja.

Bí igi ìdí ọkọ̀ náà bá ti jẹrà, ẹ tú u, ẹ lò ó bí àpẹẹrẹ, kí ẹ gé púláíwúùdù mẹ́ríìnì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan milimítà 18 tàbí 19, kí ẹ fi epoxy, gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń po méjì pọ̀, lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ sì fi epoxy kun gbogbo ara rẹ̀ àti inú ihò bóòtù pàápàá. Bóòtù stainless ni. Ẹ má lo igi tí wọ́n rì sínú oògùn tó ní bàbà, irú èyí tí wọ́n ń lò fún òpó iná. Ó máa pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbà inú rẹ̀ á jẹ alumíníọ̀mù tó fara tì í.

Fóòmù abẹ́ ìjókòó wá ńkọ́? Ọkọ̀ pákó tó kún fún omi ń léfòó. Alumíníọ̀mù tí kò ní fóòmù á lọ sísàlẹ̀ bí òkúta. Ẹ gé fóòmù náà wò. Bí omi bá jáde nígbà tí ẹ fún un, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ tí wọ́n ní ó wúwo ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e sómi láìfi nǹkan rọ́pò. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kò dára, ó ń mu omi. Bí owó kò bá ká èyí tí kì í mumi, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ìdérí rẹ̀ fún dáadáa, kí ẹ so wọ́n pinpin sábẹ́ gbogbo ìjókòó.

Ọ̀dà ni kí owó kàn kẹ́yìn. Nínú omi aláìníyọ̀ wa, abẹ́ alumíníọ̀mù lè wà ní ìhòòhò láìṣe é ní nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, práímà tó ń jẹ ojú alumíníọ̀mù kí ó lè dì í mú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, àwọn tó ń kun mọ́tò mọ̀ ọ́n. Láìsí i, ọ̀dà á ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀dà oníbàbà tí wọ́n fi ń lé ìgbín omi kúrò lára ọkọ̀ onígi kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Ẹni tó bá sì ń lọ dé Ẹ̀pẹ́ tàbí Èkó níbi tí iyọ̀ wà, kí ó de anode, ìyẹn ègé alumíníọ̀mù tí wọ́n ṣe fún jíjẹ, mọ́ ìdí ọkọ̀, òun ni iyọ̀ á máa jẹ dípò ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ kun ìyẹn ní ọ̀dà.

Ní alẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé tèmi sómi, mi ò gbé ẹ́ńjìnnì sí i. Mo so ó mọ́ òpó létí omi, mo kó àpò yanrìn mẹ́fà sínú rẹ̀ kí ó lè rì dé ibi tó máa rì dé tí ẹja bá kún un, mo sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi inú rẹ̀ kò kún ife kan. Ẹ̀gbẹ́ rífẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ òsì, nítòsí imú ọkọ̀, ló ti wá. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, a fà á gun yanrìn, àbúrò mi di irin mú níta, mo lù ú láti inú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ.