Ẹ ṣọ́ra o: “ìbọn ogun Kírìjì” tí wọ́n ń tà fún wa kò dé Kírìjì rí

Ẹ̀yin ará mi tó wà ní ìlú ọba, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìbàdàn tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Oníṣòwò kan wà tó ń polówó ìbọn Snider àti Martini-Henry, irú ìbọn méjì tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò láyé àtijọ́, fún àwọn ọmọ Yorùbá, tó ń pe gbogbo wọn ní ìbọn tí wọ́n fi ja ogun Kírìjì. Á kọ́kọ́ bi yín ní ìlú yín. Bí ẹ bá ti lè dárúkọ Iléṣà, á ní inú ilé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, ni ìbọn náà ti jáde, á sì fi ìwé ẹ̀rí tó ní èdìdì pupa ránṣẹ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé lára àwọn ìbọn wọ̀nyí nílé àwọn tó rà á. Gbájúẹ̀ ni.

Òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń mú kó dùn-ún gbọ́. Ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ (àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó gbè wọ́n), bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tán pátápátá títí di 1893. Àwọn ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó ló ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn lójú ogun, Snider sì wà níbẹ̀. Ìdí ni wọ́n ti ń ki ọta sí i. Kì í ṣe ṣakabùlà tí èèyàn á rọ ẹ̀tù sí lẹ́nu, tí á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, kó tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá mọ ojú tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn rí lọ́wọ́ ìbọn yẹn láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé á mọ ìdí tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà fi máa fẹ́ gbé ọ̀kan kọ́ sára ògiri. Ìfẹ́ yẹn gan-an ni ọkùnrin yìí fi ń jẹun, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn.

Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọ pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara ìbọn bá èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ Èkìtìparapọ̀ mu. Irọ́ gbuu ni. Winchester àti Colt ti Amẹ́ríkà ló ní nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Fún Winchester, àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà wà ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní Cody, ní ìpínlẹ̀ Wyoming, wọ́n sì lè fi nọ́ńbà bá yín wá ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ìbọn jáde. Ṣùgbọ́n Snider tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún ṣe láti ara ìbọn Enfield 1853, tí wọ́n ń ki láti ẹnu, kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kéékèèké inú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó to irin rẹ̀ pọ̀, èyí tó wà ní ìdí igi rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun tí wọ́n pín in fún. Àkọsílẹ̀ wo ló wá fẹ́ bá mu?

Ẹ wo òǹtẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn dípò ìyẹn. Lára Snider, ó wà lórí irin pẹlẹbẹ abẹ́ òòlù tó ń gbá. Ti Martini-Henry wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irin tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni adé ọba máa ń wà, pẹ̀lú V.R. (àmì Ọbabìnrin Victoria), orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é (Enfield, tàbí B.S.A. Co., ilé iṣẹ́ kan ní Birmingham), àti ọdún. Ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Snider wọlé, àmọ́ bí ẹ bá rí 1861 lára ọ̀kan, ẹ má bẹ̀rù: irin ìbọn àtijọ́ ni wọ́n lò. Martini-Henry kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1871 ló wọlé, tuntun ni wọ́n sì ń ṣe é, nítorí náà èyí tó bá ní 1865 lára, ẹ gbé e padà fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo gbé wò ní V.R. lára, 1907 sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọbabìnrin Victoria kú ní ọjọ́ 22, oṣù kìíní, 1901! Edward ló wà lórí ìtẹ́ ní 1907, E.R. ló yẹ kó jẹ́. Mo tún wo ENFIELD tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa: ńṣe ni N inú rẹ̀ kọjú sẹ́yìn. Iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ agbègbè Khyber, ní ààlà Pakístánì àti Afghanistan, nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wo ìbọn òyìnbó rọ tiwọn. Ẹ fi ìka ra ojú òǹtẹ̀ náà. Òǹtẹ̀ tó bá dàgbà pẹ̀lú irin, ìpẹtà á ti jẹ àtòun àti irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti ọkùnrin yìí mú ṣáṣá, ó jókòó sórí ihò ìpẹtà, irin tí òòlù tì sókè sì ṣì ń họ ìka.

Òmíràn jẹ́ ojúlówó Snider, ṣùgbọ́n lẹ́tà Devanagari, irú èyí tí wọ́n ń kọ ní Nepal, wà lórí ọ̀pá rẹ̀. Ní 2003, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn àtijọ́ jáde láti ilé ìkóhun-ìjà kan ní Kathmandu fún títà. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn ra irú wọn, bí ẹni tó ń tà á bá pè é ní ìbọn Nepal, tó sì gba owó ìbọn Nepal.

Ẹ̀yin tó wà ní Bìrìtéènì, ọ̀rọ̀ yìí ju owó lọ. Òfin 2021 sọ pé kí a tó ka irú ìbọn yìí sí ohun àtijọ́ tí kò nílò ìwé àṣẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe é kó tó di ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, 1939, kí irú ọta rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ìjọba kà sí èyí tí kò sí lóde mọ́. Ayédèrú tí wọ́n rọ ní ogún ọdún sẹ́yìn kò sí lábẹ́ ààbò yẹn, bó ti wù kí V.R. pọ̀ lára rẹ̀ tó. Ọwọ́ yín ni ọlọ́pàá máa bá a, kì í ṣe ọwọ́ oníṣòwò. Ẹ má sì dán an wò láti yìn ín, torí ọ̀pá rẹ̀ lè fọ́ sí yín lójú.

Kí ẹ tó rà, ẹ bèèrè àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, orí ọ̀pá, àti abẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yọ igi kúrò. Àwọn tí mo mọ̀ tó bèèrè ti abẹ́, ńṣe ni oníṣòwò náà dí ojú ọ̀nà mọ́ wọn. Kò sì sí òǹtẹ̀ kankan tó lè sọ pé ìbọn kan dé Kírìjì: lẹ́tà àtijọ́, fọ́tò, tàbí ìdílé tó lè sọ ọwọ́ tó ti bọ́ sí ọwọ́ ló lè ṣe ìyẹn.

Ẹ̀yin tó ti sanwó, ẹ má tà á fún ẹlòmíràn láti fi gba owó yín padà. Ẹ tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí náà, ẹ pe báǹkì yín lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kí agbẹjọ́rò bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé ìbọn yẹn jáde nílé.