Àpótí iyanrìn fún ìtọ́jú ọ̀dọ́langba: ohun tó dáa níbẹ̀ àti ibi tó kù sí

Yàrá eré tí Axline àti Landreth, àwọn tó ń fi eré tọ́jú ọkàn ọmọdé, kọ́ wa dáa fún ọmọ ọdún 3 sí 10. Mú ọmọ ọdún 14 wọ ibẹ̀, kó rí bèbí àti ìkòkò oníke, ó ti gbà pé ojú ọmọdé lẹ fi ń wo òun. Àpótí iyanrìn tí ọmọ ti ń fi àwọn ère kéékèèké to ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, irú èyí tí Margaret Lowenfeld, dókítà àwọn ọmọdé, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní London ní 1929, kì í dójú ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí a rà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 75, ó fẹ̀ ní 50, ó sì jìn ní 7.5. Ọ̀dà búlúù ló wà nínú rẹ̀, tí ọmọ bá wa iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ló rí yẹn. Àbùkù rẹ̀ ni pákó ìsàlẹ̀ tó fẹ́lẹ́ jù. Iyanrìn tó dé ìdajì àpótí yóò tó kílò 22, pákó náà sì ń tẹ̀ láàárín. Ẹ fi igi dábùú abẹ́ rẹ̀. Iyanrìn etíkun ní iyọ̀, kì í gbẹ tán. Tìkọ́lé ní eruku. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, ẹ sá a, ẹ jọ̀ ọ́.

Ẹranko ló pọ̀ jù nínú àwọn ère tó bá a wá. Ẹ wá ọlọ́pàá, akẹ́kọ̀ọ́, danfo, ọgbà, afárá, ṣéènì, pósí. Pósí kan wúlò ju kìnnìún mẹ́wàá lọ. Orí pẹpẹ ni kí ẹ tò wọ́n sí. Tó bá jẹ́ inú àpò, èyí tó wà lókè nìkan lọmọ máa mú.

Ẹ kàn sọ fún ọmọ pé: "Lo èyí tó bá wù ẹ́, bó ṣe wù ẹ́." Ó tó. Ọmọ kékeré fẹ́ràn kí a máa sọ gbogbo ohun tó ń ṣe. Ọmọ ọdún 15 á rò pé à ń ṣọ́ òun ni, á sì dáwọ́ dúró. Tó bá ní "Ṣé ó dáa báyìí, mà?", ẹ má yìn ín, ẹ sọ pé: "Ìwọ lo máa sọ bó ṣe rí." Tí ẹ bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ohun tó máa wù yín ló máa tò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá fẹ́ da iyanrìn sílẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́ta Landreth ṣì ń ṣiṣẹ́: "Inú ń bí ẹ gan-an. Iyanrìn ò wà fún dídà sílẹ̀. O lè lù ú nínú àpótí." Ọ̀pọ̀ wa máa ń fo ti àkọ́kọ́, ìyẹn sísọ bó ṣe ń ṣe ọmọ náà, ó wá di ìbáwí.

Ẹ má tú ohun tọ́mọ tò ká lójú rẹ̀. Kí yàrá náà sì ní kọ́kọ́rọ́, torí ìyá tó ń dúró níta á fẹ́ yọjú wo ohun tọ́mọ òun tò.