Ọjọ́ kan ní Guangzhou: ẹ̀gbà tó há sọ́wọ́ Màmá, àti awakọ̀ tó bọ́ ọ

Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú la lò nínú ṣọ́ọ̀bù tí a kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó mú wa dé. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò láti kó ẹbí rẹ̀ lọ wo Guangzhou ní Ṣáínà kọ́kọ́ mọ̀. Ìwé ètò tí ilé-iṣẹ́ tó mú wa yí ìlú ká fi ránṣẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù nínú rárá. Ibi márùn-ún péré ló wà níbẹ̀: Gbọ̀ngàn Ẹbí Chen, ọgbà Yuexiu, erékùṣù Shamian, Ilé Gogoro Canton (Canton ni orúkọ àtijọ́ Guangzhou), àti ọkọ̀ ojú omi lórí odò Pearl lálẹ́. A san 1,800 yúàn sílẹ̀ fún ọkọ̀ oníjókòó méje, awakọ̀, àti afinimọ̀nà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjà ló ń gbé bàbá àwọn ọmọ lọ sí Guangzhou láti ọdún 2011. Ó mọ Xiaobei, àdúgbò tí àwọn oníṣòwò Áfíríkà pọ̀ sí níbẹ̀, bí ẹni mọ Balógun, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré ọjà kì í ráyè wo ìlú. Nígbà tó tún fẹ́ lọ sí ìpàtẹ ọjà Canton ti oṣù kẹrin, àwọn ọmọ wà ní ìsinmi, a bá kó àwọn méjèèjì àti ìyá rẹ̀ dání. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kò sì wọkọ̀ òfúrufú rí.

Àárọ̀ ọjọ́ náà dùn. Gbọ̀ngàn Ẹbí Chen la kọ́kọ́ dé, afinimọ̀nà wa, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lójú mi, sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Mi ò ní tìtorí ìbínú gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ìdílé tó ń jẹ́ Chen káàkiri agbègbè Guangdong ló dáwó jọ kọ́ ọ, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1894, kí àwọn ọmọ wọn tó bá wá sí ìlú fún ìdánwò iṣẹ́ ọba lè ríbi dé sí. Kò ju ọdún mọ́kànlá lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi fagi lé ìdánwò ọ̀hún. Màmá gbójú sókè wo òrùlé, níbi tí wọ́n to ère amọ̀ sí láti ìgun kan dé èkejì: àwọn jagunjagun, ẹyẹ, igi eléso. Wọ́n ní, "Agbo ilé nìyí. Agbo ilé tí kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sùn síta." Wọ́n jókòó sí àgbàlá, wọn ò fẹ́ dìde mọ́. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa níbẹ̀. Wákàtí méjì ló yẹ ibẹ̀.

Ní ọgbà Yuexiu a wo ère ewúrẹ́ márùn-ún tó ti wà níbẹ̀ láti 1960. Ìtàn ìlú náà ni pé nígbà tí ìyàn mú, àwọn ẹni ọ̀run márùn-ún gun ewúrẹ́ wá, wọ́n mú ṣírí ọkà fún àwọn ará ìlú, ewúrẹ́ sì di òkúta. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀ fún àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi lójú ọ̀nà.

Bí a ṣe jáde ni Màmá ní àwọn fẹ́ tọ̀. Afinimọ̀nà ní òun mọ ibì kan tí ilé ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Òótọ́ ni, ó mọ́. Ṣùgbọ́n láti lọ síbẹ̀, àárín ṣọ́ọ̀bù tó ń ta jade, òkúta iyebíye tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbà, la gbà wọlé, àárín rẹ̀ náà la gbọ́dọ̀ gbà jáde. Obìnrin kan tó ń tajà fa Màmá lọ́wọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó fi ìpara pa ọwọ́ wọn, kí n tó yíjú padà, ẹ̀gbà aláwọ̀ ewé kan ti kọjá eegun àtàǹpàkò wọn. Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n nà án sí mi pé, "Ìyàwó mi, wò ó." Nígbà tí wọ́n fẹ́ bọ́ ọ, kò bọ́ mọ́.

Wọ́n fà á, wọ́n tún ìpara pa, wọ́n tún fà á. Ọwọ́ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ìgbà náà ni obìnrin yẹn gbé ẹ̀rọ ìṣirò jáde, ó tẹ 3,800 yúàn. Mo yíjú sí afinimọ̀nà wa, ẹni tí a sanwó fún. Ohun tó sọ rèé: "Tí òkúta náà kò bá fẹ́ kúrò, ó ti yan Màmá nìyẹn." Ó ní tó bá fọ́, a máa san án. Bàbá àwọn ọmọ gbóhùn sókè, àbíkẹ́yìn mi bú sẹ́kún. Omi lé ròrò lójú Màmá. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká sanwó ká máa lọ, mi ò fẹ́ kó yín sí wàhálà." Èyí ló dùn mí jù. Obìnrin tó jókòó bí olorì ní àgbàlá ẹbí Chen láàárọ̀ ló ń tọrọ àforíjì fún ohun tí wọn ò ṣe.

Awakọ̀ wa wọlé ní àkókò yẹn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì tíì bá wa sọ gbólóhùn kan láti òwúrọ̀. Ó wo ọwọ́ Màmá, ó jáde, ó padà wá pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó fi ra búrẹ́dì àárọ̀ rẹ̀. Ó lóṣòó sílẹ̀ níwájú wọn. Ó gbé ọwọ́ náà sókè kọjá orí wọn, ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí wíwú rẹ̀ fi rọlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti ọ̀rá bọ abẹ́ ẹ̀gbà, ó ń fi ìka rọra tẹ eegun àtàǹpàkò wọ inú, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú Màmá bóyá ó ń dùn wọ́n. Ẹ̀gbà yọ̀, ó bọ́. Ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó sọ̀rọ̀ kan sí àwọn obìnrin méjèèjì ní èdè wọn, kò pariwo. Afinimọ̀nà wolẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè owó mọ́.

Màmá wúre fún un ní Yorùbá. Ọmọ mi obìnrin kúnlẹ̀ ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ọkùnrin náà ta gìrì, ó sáré gbé e dìde.

Nígbà tí a dé ilé oúnjẹ, Màmá ní àwọn ò ní jẹun tí ọlọ́kọ̀ bá wà níta. Ó bá wa jókòó. Ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi tíì gbígbóná ṣan abọ́ àti ife kí wọ́n tó jẹun. Ní gbogbo ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ bá bu tíì fún un, ó máa ń fi ìka méjì kan tábìlì. Ọmọ mi bi í pé kí ló dé. Ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀ kí ó túmọ̀ rẹ̀: ìtàn wọn ni pé ọba kan wọ aṣọ mẹ̀kúnnù rìn káàkiri, ó bu tíì fún ìránṣẹ́ rẹ̀, ìránṣẹ́ kò lè kúnlẹ̀ kí àṣírí ọba má baà tú, ló bá fi ìka kúnlẹ̀. Ó wá nàka sí ọmọ mi. Fóònù ní, "Ohun tí o ṣe fún mi lẹ́ẹ̀kan, bí àwa ṣe ń ṣe é nìyí." Títí a fi kúrò ní Ṣáínà, ọmọ yẹn kò mu omi tí ẹlòmíràn bù fún un láìkan tábìlì.

A sáré la Shamian kọjá. Ní Ilé Gogoro Canton, àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wa ti kọjá nítorí ṣọ́ọ̀bù yẹn, a dúró fún àádọ́ta ìṣẹ́jú, nígbà tí a sì dókè, kùrukùru ti bo gbogbo ìlú. Ẹni tó mọ òjò oṣù kẹrin níbẹ̀ yẹ kó ti kìlọ̀ fún wa. Láti inú ọkọ̀ ojú omi lálẹ́ ni a tó rí ilé náà bó ṣe yẹ, iná rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà lójú omi, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín. Màmá kò sùn títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Awakọ̀ kò gba 200 yúàn tí a fún un. Páálí ṣin-ín-ṣin-ín tí Màmá gbé láti Èkó ló gbà, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi gbà á.

Lọ́jọ́ kejì mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ẹ má bínú, wọ́n á yọ 200 yúàn fún wa nígbà mìíràn. Mo béèrè ta ló ń gba ìpín lórí ohun tí àlejò bá rà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn; wọn ò dáhùn. Mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ ní ojú ọ̀gá wọn. Wọ́n ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, wọ́n kàn ń háyà rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tó ń lọ: ẹ mú ìwé ìrìnnà gbogbo yín dání, ọmọdé pẹ̀lú, ẹ ti so káàdì yín mọ́ Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, láti ilé, ẹ má retí WhatsApp láìsí VPN, áàpù tó ń ṣí ohun tí wọ́n dí pa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Bàbá àwọn ọmọ ní ẹyọ kan ló tọ́ sí wọn, mi ò sì lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí mo lè fi ìràwọ̀ ti awakọ̀ yẹn sí.